Kí Àdúgbò Lè Mọ Ojú Àwọn Ọmọ Wa

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ mi obìnrin nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti géètì mọ́ ọn. Ó wù mí kí n rí ọ̀rọ̀ tó dùn ju ìyẹn lọ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Ìkòsì là ń gbé, nínú ilé kan tí àwa àti ìdílé mẹ́ta jọ háyà. Aṣọ ni mò ń rán, iwájú ilé náà sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀. Tí ariwo bá pọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, á máa mi ara síwájú sẹ́yìn. Tí ẹni tí kò mọ̀ bá fọwọ́ kàn án lójijì, ó lè gé onítọ̀hún jẹ. Dókítà ti sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é, pé kì í ṣe àrùn, kì í ràn, bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a ti bí i nìyẹn. Èmi àti bàbá rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ló ń gbé àdúgbò wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí. Ọmọkùnrin kan fà á lọ́wọ́ pé kó wá bá àwọn ṣọ́ góòlù. Ọmọ mi gé e jẹ lápá, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Nígbà tó yá, ìyá ọmọ náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú o. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti mọ̀ pé irú ọmọ báyìí lẹ ní, ẹ jẹ́ kó máa wà nínú ilé."

Lọ́jọ́ kejì, mo ra àgádágodo tuntun. Odindi ọdún kan ó lé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni ọmọ mi ti ń sáré, láti ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ dé ìdí géètì, kó padà, kó tún lọ. Èmi á jókòó sídìí máṣíìnì, màá máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí a ti ń mú un lọ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni mo ti pàdé Àlàájà. Tòmátò àti ata ni Àlàájà ń tà lọ́jà Mile 12; àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti òkè ọya ló ń já ọjà fún un. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló mú wá, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá tí òun náà kì í sọ̀rọ̀, tó kàn máa ń kùn wùnrùnwùnrùn lábẹ́ èémí. Ìbàdàn ni ìyá ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Tí ọmọ yẹn bá ti rí omi, kò sí ohun mìíràn láyé mọ́ lójú rẹ̀.

Àlàájà rí ojú eyín ní ọwọ́ mi. Ó ní, "Ó gé ẹ jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó na apá sí mi. "Tèmi rèé. Ta ló ń bá tìẹ ṣeré?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"Tèmi náà ò lẹ́ni. A kàn ń sìn wọ́n bí adìyẹ abẹ́ àgò ni."

Ìgbà tí a sọ ibi tí kálukú ń gbé ló tó yé wa pé òpópónà méjì péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi. Èmi kò rí ọmọ rẹ̀ rí. Òun náà kò rí tèmi.

Ilẹ̀ kan wà lópin àdúgbò wa tí ẹgbẹ́ onílé fẹ́ fi kọ́ gbọ̀ngán ìpàdé, tí wọn ò tíì kọ́ ọ. Fẹ́ǹsì yí i ká, ó ní géètì onírin, igi fúrúùtù ńlá kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ṣíji bo ibẹ̀. Èmi àti Àlàájà lọ bá alága ẹgbẹ́ náà nílé. Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá náà tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ń wo èèyàn bíi pé èèyàn pẹ́ dé kíláàsì.

"Eré?" ó ní. "Ṣé irú àwọn ọmọ yẹn lè ṣeré?"

Àlàájà dáhùn pé, "Wọ́n ń ṣe é bí tiwọn, sà. Ibi tí wọn á ti ṣe é ni wọn ò ní."

Bàbá ní, "Àárọ̀ Sátidé, láti agogo méje sí mẹ́wàá. Tí ohunkóhun bá ṣe ọmọ kankan níbẹ̀, tàbí tí ọmọ kankan bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, màá ti géètì yẹn. Mi ò sì ní pe ìpàdé kí n tó tì í."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún ibẹ̀ ṣe. Ọwọ́ lásán la fi wá inú iyanrìn, a ṣa ìṣó àti àfọ́kù ìgò kúrò. Àwọn tó ń lẹ táyà létí títì fún wa ní ògbólógbòó táyà. Ọkọ mi ri wọ́n mọ́lẹ̀ dé ìdajì, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà aláwọ̀ mèremère. Àlàájà kó apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó ti ṣófo wá láti ọjà, a sì so okùn jangilọ́fà mọ́ ẹ̀ka fúrúùtù. Ní igun kan, a fi kọ́tìnnì àtijọ́ àti ẹní ṣe ibi ìsápamọ́ fún ọmọ tí ariwo bá ti sú. A kò gba fèrè láàyè, a kò gba orin láàyè. Òfin wa nìyí: ẹ má fọwọ́ kan ọmọ kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rí ọwọ́ yín. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ àti èyí tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé.

Ọmọ mẹ́rin ló wá ní Sátidé àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò gun orí fẹ́ǹsì, wọ́n ń wò wá. Ní Sátidé kẹta, àwọn kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìyá kan ń wọ ọkọ̀ méjì láti Ìṣẹrí Olówóra kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú wọn dùn sí i. Mo rí obìnrin kan tó wọlé wá já ọmọ rẹ̀ gbà lórí táyà, ó sì ń sọ fún un lójú mi pé, "Má jẹ́ kí wọ́n fara kàn ẹ́." Ní gbogbo àkókò yẹn, Bàbá Alága á jókòó sí bákónì rẹ̀ lókè, á máa mu tíì, á máa wò wá. Ọkàn mi kì í balẹ̀ títí agogo mẹ́wàá á fi lù.

Sátidé mẹ́rin ni ọmọ mi fi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ní ìkarùn-ún, ọmọbìnrin kan ń wọ́ apẹ̀rẹ̀ tí iyanrìn kún inú rẹ̀ kọjá. Ọmọ mi na ọwọ́ jáde, ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan, ó dà á sínú apẹ̀rẹ̀ náà, ó sì tún padà wọlé. Mo lọ sẹ́yìn igi lọ nu ojú mi.

A ti fi òfin lélẹ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní géètì nígbà gbogbo, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ní Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn, èmi ló kàn.

Nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, ilé tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì tan jẹnẹrétọ̀ ńlá kan. Ọmọ mi figbe ta, ó dojú bolẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mi ò ronú. Mo sáré lọ bá a, mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ orí rẹ̀, mo gbé e lọ sórí ẹní. Kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo yíjú padà, géètì ti ṣí sílẹ̀ dé ìdajì.

Àlàájà dúró láàárín ilẹ̀ náà, bàtà ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi dà?"

Omi ló wá sí ọkàn gbogbo wa, torí kánáàlì wà lápá òsì tí kò jìnnà. Àlàájà sá gba ibẹ̀ lọ. Mo gbé ọmọ mi fún bàbá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ní kí àwọn tó kù dúró ti àwọn ọmọ, mo sì sá gba apá ọ̀tún, lọ sí ọ̀nà títì ńlá. Bí mo ṣe ń sáré ni mò ń bi gbogbo ẹni tí mo bá rí. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọkùnrin kan, aṣọ yẹ́lò, kò wọ bàtà." Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló nawọ́ síwájú. "Èyí tó ń sáré lẹ́ẹ̀kan yẹn? Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ló yà sí."

Mo gbọ́ igbe rẹ̀ kí n tó rí i. Ọkùnrin méjì dì í mú ní apá. Ó ti gba rọ́bà omi lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ mọ́tò, ó sì ti fọ́n omi sínú mọ́tò oníbàárà kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Wọ́n ti bi í léèrè orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Wọ́n ti bi í léèrè ibi tó ti wá, kò dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn rò pé olè tó ń díbọ́n ni, ó sì ti gbá a létí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ wa ni." Mo ki ọwọ́ láàárín wọn, mo di ọmọ náà mú. Èmi tí mo fẹnu ara mi ṣòfin pé ká jẹ́ kí ọmọ rí ọwọ́ ká tó fọwọ́ kàn án. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó tún kígbe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń sá fún mi.

Ọkùnrin kan bi í pé, "Ṣé ìyá ẹ nìyí?" Ọmọ náà kò wo ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà wà ní..."

"Ṣebí ọmọ yín lẹ pè é báyìí?"

Obìnrin kan lẹ́yìn ló sọ ọ́. Kò tiẹ̀ sọ ọ́ sókè. "Ẹ ò rí i pé ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n. Gbọ́mọgbọ́mọ ni."

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn lè ṣe. Gbogbo ẹni tó ń gbé Èkó ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò ju bíi mẹ́wàá lọ tẹ́lẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, mi ò rí títì mọ́. Ẹnì kan gbá aṣọ mi mú lọ́rùn. Ẹnì kan já fóònù gbà lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń pe Àlàájà, fóònù tirẹ̀ sì ń dún lásán nínú báàgì rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù. Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan ní kí wọ́n lọ gbé táyà wá. Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun gbé àga.

Mo jókòó sínú omi ọṣẹ. Mo ní, "Ẹ pe Bàbá Alága ẹgbẹ́ onílé. Ẹ kàn bá mi pè wọ́n."

Ẹni tó ni ibi ìfọmọ́tò náà, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ti ń wò wá, ló jáde wá. Ó ní, "Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ní nọ́ńbà Bàbá. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu wọn." Ó dúró síwájú mi, ó tẹ fóònù rẹ̀.

Mi ò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sílẹ̀ níbi tí ọmọ náà ti lè rí wọn, àtẹ́lẹwọ́ lókè. Wọ́n ti fi apá rẹ̀ sílẹ̀. Omi ṣì ń tú jáde látinú rọ́bà. Ó jókòó tì í, kò jìnnà sí mi, kò sì sún mọ́ mi, ó fi ìka sójú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn èèyàn ń wò wá. Kò sẹ́ni tó lọ.

Bàbá Alága fi ẹsẹ̀ rìn dé, pẹ̀lú síngílẹ́ẹ̀tì àti sílípáàsì. Ó wò mí, ó wo ọmọ náà.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Àdúgbò mi ló ń gbé. Mo sì mọ ọmọ yìí, gbogbo Sátidé ni mò ń rí i."

Bẹ́ẹ̀ ni èrò ṣe tú ká. Kò sẹ́ni tó ní kí n má bínú. Ẹnì kan fi fóònù mi sórí ìjókòó, ó sì lọ.

Bàbá dúró dìgbà tí mo dìde. Ó wá ní, "Mo ti ti géètì kí n tó máa bọ̀."

Ìgbà náà ni Àlàájà sáré dé, láìsí bàtà, láìsí gèlè lórí, ẹrẹ̀ kánáàlì dé orúnkún rẹ̀. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ nínú omi. Ó rí ojú ìka márùn-ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì wò mí.

"Ìwọ lo wà ní géètì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fa ọmọ rẹ̀ dìde, wọ́n sì lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gbé fóònù mi. Láàárọ̀ gbogbo Sátidé, ọmọ mi á mú bàtà rẹ̀ wá, á gbé e sí ẹnu ọ̀nà, á jókòó tì í títí ọ̀sán. Ní Sátidé kẹta, mo dìde ní ìdájí, mo lọ bá Àlàájà ní Mile 12.

Àwọn ọkọ̀ ń já ẹrù, àwọn alábàárù ń ké pé kí èèyàn yà lọ́nà. Àlàájà jókòó láàárín apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò lára èyí tó dára. Mo kúnlẹ̀ sórí ewé tòmátò.

"Mo kúrò ní géètì, mà. Mi ò ní àwíjàre kankan."

Ó ń ṣa tòmátò lọ. "Ọmọ ẹ ń fi orí gbálẹ̀ nígbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi náà á sá lọ bá tèmi." Ó ju ọ̀kan tó rà sẹ́yìn. "Ìyẹn ò ní kí n má bínú sí ẹ. Mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo gbá a létí. Ẹni tó gbá a létí ò mọ̀ ọ́n rí. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà ládùúgbò yẹn, ẹnì kan ò mọ̀ ọ́n, torí pé èmi ni mo fi í pamọ́. Dìde nílẹ̀ yẹn, aṣọ ẹ ń dọ̀tí."

Lọ́jọ́ náà la jọ lọ bá Bàbá Alága. Kò ní ká jókòó. Ó ní òun sọ ọ̀rọ̀ òun níbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tó yí padà. A ní a máa fi ìdábùú kejì sókè géètì níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ní dé, pé èèyàn méjì ni yóò máa wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Ó mi orí, kò gbà. Àlàájà wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún èmi pàápàá.

"A fẹ́ kó wọn rìn ládùúgbò, sà. Ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù. Kí àwọn èèyàn lè mọ ojú wọn."

"Lójú títì? Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Tí ẹ bá sì tẹ̀ lé wa, wọ́n á gbọ́."

Bàbá na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. "Sátidé wo?" ó ní.

A rìn náà. Ọmọ mẹ́jọ, àwọn òbí wọn, Bàbá Alága níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí mo jókòó nínú omi lọ, torí ọwọ́ ọmọ tèmi gan-an ló wà nínú ọwọ́ mi. Ohun kan náà là ń sọ níbi gbogbo: ọmọ wa nìyí, kì í sọ̀rọ̀, tí ẹ bá rí i lóun nìkan, ẹ má dì í mú, ẹ jókòó tì í, kí ẹ pè wá. A ń fi nọ́ńbà wa sílẹ̀. Àwọn kan fún àwọn ọmọ ní bisikíìtì. Àwọn kan tẹjú mọ́ fóònù wọn títí a fi kọjá. Obìnrin kan wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Níbi ìfọmọ́tò, ọkùnrin àgbàlagbà yẹn pe ẹni tó gbá ọmọ náà létí jáde. Ọ̀dọ́ ni. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé ó ń díbọ́n ni."

Mo rò pé Àlàájà máa ṣépè. Ó di ọmọ rẹ̀ mú ní èjìká, ó sì yí i sí ọkùnrin náà. "Gbójú sókè. Wo ojú ẹ̀ dáadáa." Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó sì wò ó.

A tún ṣí géètì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyá méjì ò mú ọmọ wọn wá mọ́, mi ò sì bi wọ́n ní ìdí. Àlàájà kì í jẹ́ kí èmi nìkan dúró ní géètì, títí di òní. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, ní ọjọ́ Túsìdeè kan, oníbàárà mi kan gba aṣọ rẹ̀, ó sì jáde láìti géètì ilé wa. Nígbà tí mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dìde. Ọmọ mi ti lọ. Òjò ń rọ̀. Mo jáde síta láìmọ ibi tí màá yà sí, ni fóònù mi dún. Mi ò mọ nọ́ńbà náà.

"Mummy, ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní jọ́ńṣọ̀n ni. Ọmọ yín tí kì í sọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ara ẹ̀ le. Ẹ rọra máa bọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀."

Mi ò rọra. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ agbòjò ńlá obìnrin náà, aṣọ ìnuwọ́ wà lórí rẹ̀, ó ń wo bí omi ṣe ń ṣàn kọjá. Obìnrin náà sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá.